Pa Ṣọládé Oyèbọ́lá àti Odò Ìjù (1956–2025)

Ìkirè ni a ti bí Pa Ṣọládé ní ọdún 1956, ní agboolé Oyèbọ́lá, àgbẹ̀ olókoo kòkó. Ẹfúnkẹ́, oníṣòwò epo, ni ìyá wọn.

Bàbá kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ní Ìbàdàn, wọ́n gbé Olúkẹ́mi níyàwó ní 1984. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wá sí Ọ̀tà, wọ́n sì di ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò ní iléeṣẹ́ kan tó ń fún epo sóyà.

Iṣẹ́ wọn ni yíyọ fọ́sífólípídì kúrò nínú epo. Ọ̀rá yìí ní orí kan tó ní fọ́sífọ́rọ́sì, tó fẹ́ràn omi, àti ìrù méjì tó ń sá fún omi. Bí omi gbígbóná bá kan epo, orí á gbá omi mú, ọ̀rá náà á ki, á sì rì sí ìdí àgbá. Òun kan náà ló ń tò ní ìlà méjì, ìrù kọjú sí ìrù, tó di awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ara wa.

Ní 2004, iléeṣẹ́ ń da ọ̀rá náà sódò ní Ìjù, ìlú kan lẹ́bàá Ọ̀tà. Ará ìlú fárígá, iléeṣẹ́ sì rán Bàbá sí wọn. Bàbá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó wà nínú ẹyin tí ẹ ń jẹ, ó wà lára yín." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bàbá mọ̀ pé bó bá jẹrà, ẹja ò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Wọ́n dákẹ́ nítorí iṣẹ́ wọn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kò pẹ́ tí òkú ẹja fi bo ojú odò.

Bàbá fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n padà sí Ìjù, wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ìyá Sùlè tó ń yan ẹja tà sọ pé, "Ẹ̀yin la gbà gbọ́, sà. A ò gba iléeṣẹ́ gbọ́ rí."

Bàbá dara pọ̀ mọ́ ará Ìjù, wọ́n bá iléeṣẹ́ jà títí ó fi jáwọ́. Bàbá wá ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ojú Ọrẹ, ní Ọ̀tà. Nígbà tí ìjọ wọn fẹ́ fi wọ́n jẹ Bàbá Ìjọ, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ojú ń tì mí." Ojú ti àwa ẹbí náà láti tẹ ìtàn yìí síbí, ṣùgbọ́n Bàbá kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fò ó.

Wọ́n fi aya wọn, àwọn ọmọ, Ìtẹ́olúwa àti Abísọ́lá, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, Tamílọ́rẹ àti Treasure, sáyé lọ.

Kí Ọlọ́run, ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹ sọ, tó sì mọ èyí tí ẹ dákẹ́ lé, ṣàánú yín. Ẹ sùn ire, Bàbá.