Pátákó Orí Tẹlifóònù àti Ọ̀rọ̀ Tó Já Sáàárín

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        9 Oṣù Kẹta, 1994.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé eyín àbíkẹ́yìn rẹ ti yọ tán, àbí ìka àlejò ló ṣì fi ń dánra wò? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọkọ mi ń kí ọ. Ìyá rẹ̀ náà ń kí ọ. Ara wọn le koko, ohùn wọn sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

O ní kí n sọ òótọ́ fún ọ, bóyá kí ẹgbẹ́ ẹ̀yin aránṣọ ra irú sọ́fúwià, ètò orí kọ̀ǹpútà, tí àwa tí à ń tún aago ṣe fi ń ṣe pátákó ìkéde wa. Wàá gbọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n jókòó ná, torí ìtàn wà nínú rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kọ̀ǹpútà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, a so ó mọ́ tẹlifóònù ilé. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ á pe nọ́ńbà mi, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì á súfèé síra wọn, pátákó ìkéde wa á sì yọ sí i lójú. Á ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ, á kọ tirẹ̀, á jáde. Ẹni tó ń wá ọwọ́ aago àtijọ́ á kọ ọ́ síbẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ẹnìkan á ti dá a lóhùn. Kò bèèrè ẹ̀rọ tuntun. Èyí tí mò ń lò ti gbó débi pé mo ní láti gbá a létí kó tó jí. Ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò lè ní òun kò sọ ọ́. Ìwọ tí o mọ bí ìpàdé wa ṣe ń rí, wàá mọ̀ pé èyí nìkan tó nǹkan.

Ohun tó wù mí jù ni pé ó ń fún onítìjú lẹ́nu. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí à ń pè ní Baba Jẹ́jẹ́. Bí a bá pè é ní kó sọ̀rọ̀ nípàdé, ikọ́ ló máa wú. Lórí pátákó, àwàdà tó ń ṣe ń pa àgbàlagbà lẹ́rìn-ín.

Àléébù rẹ̀ wàyí. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á máa dúró. Lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ wà, ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan ló lè kà á, àfi èmi tí kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ mi, torí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń hàn lójú ẹ̀rọ tèmi. Mi ò yọjú sọ́rọ̀ ẹnikẹ́ni o. Ojú mi ló kàn máa ń wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé bí ẹnikẹ́ni nílé mi bá gbé tẹlifóònù, okùn já nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé ni sọ́fúwià á ti fi ránṣẹ́, ẹni tó kọ ọ́ kò sì ní lè tún un ṣe mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, o kúkú mọ̀.

Ó ti pẹ́ tí Baba Jẹ́jẹ́ ti ń yọ́ Onídígí wò, opó tó ń gbé dígí aago wá fún wa láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, tí òun náà ní kọ̀ǹpútà nílé tó fi ń wọ pátákó. Gbogbo wa ló mọ̀, àfi Onídígí. Lọ́jọ́ Ajé ni ọkùnrin náà ṣe ọkàn akin, ó kọ lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ sí i pé: “Onídígí, mi ò fẹ́ kí ẹ máa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́.” Ibẹ̀ gan-an ni ìyá ọkọ mi ti gbé tẹlifóònù ní pálọ̀ láti kí àbúrò wọn. Ohun tó kù tó fẹ́ kọ ni pé kó má wá bí ẹni tó ń tajà mọ́, kó wá bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọjọ́ kejì, Onídígí kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní òun kò ní ṣí lẹ́tà rẹ̀ kankan mọ́ láyé. Baba Jẹ́jẹ́ wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní òun ti fọwọ́ ara òun ba ayé òun jẹ́. Mo ní kó lọ fẹnu sọ ọ́ fún un. Ó wúkọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi, ẹ̀rín sì ń pa mí nínú.

Ni mo bá dọ́gbọ́n. Mo ní kó pe pátákó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kó tún lẹ́tà náà kọ látòkèdélẹ̀. Mo wá ránṣẹ́ pe Onídígí pé kó wá bá mi wọn dígí kan ní yàrá ẹ̀yìn. Iwájú kọ̀ǹpútà ni mo gbé àga rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níkọ̀ọ̀kan. Ohun tí Baba Jẹ́jẹ́ kò mọ̀ ni pé kí òun tó pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ojú wa ti rí i. Ó kọ ọ́ pé ìfẹ́ yín ti wọ̀ mí lára. Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé dígí tí ẹ kó wá lóṣù tó kọjá mọ́ lóló. Ó pa á rẹ́. Ó kọ gbólóhùn ọjọ́ Ajé, ó parí rẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Ọwọ́ Onídígí dúró lórí dígí. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, tó wá kọ ọ́ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Bọ́tìnnì kan wà tí mo lè tẹ̀ láti bá ẹni tó wọlé sọ̀rọ̀. Onídígí ní kí n fi hàn òun. Ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́: “Onídígí nìyí. Mo rí gbogbo èyí tí ẹ pa rẹ́. Ẹ má kọ ọ́ mọ́, mò ń bọ̀ wá gbọ́ ọ lẹ́nu yín.” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Mo tẹ̀ lé e, kí ni kí n fi bò? A bá Baba Jẹ́jẹ́ níwájú àwọn oníbàárà, awò tí a fi ń wo inú aago ṣì wà lójú rẹ̀. Ó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò wúkọ́. Onídígí ní òun gbà. Èmi ni mo sunkún jù níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ra sọ́fúwià náà, ó dára. Ṣùgbọ́n ìlà tẹlifóònù méjì ni kí ẹ gbà. Láti ìgbà tí ìròyìn ìgbéyàwó ti dé orí pátákó ni gbogbo ẹgbẹ́ ti ń dù ú láti wọlé kí wọn, mi ò rí ìlà pe ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi bírò kọ èyí sí ọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni tìrẹ, tí ojú rẹ̀ kàn máa ń wà níbẹ̀,

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Ìyá Alágogo.