Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Babátúndé

Bàbá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn yín. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, mo rí Bàbá Kékeré, àbúrò yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí a sin yín sí. Wọ́n dúró, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì ń nàka sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń wí fún wa pé agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbọ́ tẹnu tèmi náà kí ẹ tó bínú. Bí ẹ bá sì ti bínú ná, ẹ ṣì gbọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ò kàwé. Nígbà tí mo ń lọ sí ilé-ìwé àgbà nírọ̀lẹ́, ẹ máa ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé télọ̀ wo ló ń fi gègé ránṣọ. Ó dáa, iṣẹ́ gègé náà rèé.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣáájú. Sàfúrà, ìyàwó mi tó wà nínú oyún nígbà tí ẹ fi wá sílẹ̀, ti bímọ. Ọkùnrin ni. Orí rẹ̀ gùn bíi tiyín, etí rẹ̀ òsì sì ká lókè bíi tiyín. Kí àlùfáà tó wá sọ ọ́ lórúkọ ni gbogbo agboolé ti ń pè é ní Babátúndé. Ìyá mi ò tilẹ̀ pe orúkọ kankan. Wọ́n kúnlẹ̀ ti ọmọ náà lórí ẹní tó sùn sí, wọ́n ní, "Olówó orí mi, ẹ kú àbọ̀." Láti ọjọ́ náà, wọn kì í fi "ìwọ" pe ọmọ ọwọ́ yẹn. Ẹ ti jí? Ẹ fẹ́ mu ọmú? Bó bá tọ̀ sí wọn láṣọ, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi." Àwa a máa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ ni ọ̀rọ̀ ilà ojú dé. Bàbá Kékeré ní kí a bu àbàjà ilé wa fún ọmọ náà, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, bíi tiyín, bíi tèmi, bíi ti gbogbo ọmọ tí wọ́n ti ń bí nílé wa. Mo ní rárá. Bàbá, mi ò kùn ún sínú, mi ò sì ní kí wọ́n jẹ́ ká rò ó wò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, mo sì ti ibẹ̀ wí rárá.

Wọ́n pe àlùfáà àdúgbò wa kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Àṣé ẹ̀yìn mi ni àlùfáà máa gbè sí! Wọ́n ní Ọlọ́run ò fẹ́ ká máa tún ohun tí Òun ti dá dá. Bàbá Kékeré wo ojú àlùfáà tó kún fún ilà, wọ́n ní, "Ojú tiyín wá ńkọ́?" Àlùfáà ní wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí kéwú nígbà tí wọ́n kọ tiwọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara mi. Ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ̀yin ni ẹ̀ bá kọ́kọ́ rín in.

Kí ẹ má rò pé mo tijú ojú yín o. Ta ni ò mọ ìtàn yẹn nílé wa? Ẹ wà ní kékeré, ẹ tẹ̀ lé àwọn tó ru iṣu lọ sí Ìbàdàn, ẹ sọnù sínú ọjà. Ẹkún ò jẹ́ kí ẹ lè sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó ń ta iyọ̀ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọmọ Ìwó lèyí, ó sì wá àwọn ará Ìwó tó mú yín padà wálé. Bí ẹ bá ti sọ ìtàn náà tán, ẹ ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí wa kí a fọwọ́ kàn án. Ẹ ó ní, "Ojú mi ló mú mi délé." Mo fẹ́ràn ìtàn náà, mo sì fẹ́ràn ojú tèmi náà tí mò ń rí nínú dígí ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi yóò lẹ́nu láti fi sọ ilé rẹ̀. Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ yìí ni yóò lọ, yóò sì lè kọ Ìwó sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá gbọ́.

Ẹ mọ ohun tó mú mi wí rárá. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n kàn ń dibọ́n ni. Nítorí Mòríámọ̀ ni.

Ẹ rò pé mo kéré jù láti rántí. Mo rántí. Àbúrò mi tí wọ́n bí tẹ̀ lé mi, tó máa ń di ìka mi mú bí ẹni tó mú olè. Wọ́n bu àbàjà fún un, wọ́n da omi ìgbín sí i, gbogbo ilé ń kí yín kú oríire. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ara rẹ̀ gbóná, ẹnu rẹ̀ dì pa, kò lè mu ọmú mọ́. Ojú ilà náà ò tíì jinná tí wọ́n fi gbé e lọ sin. Ẹ ò mẹ́nu kan orúkọ rẹ̀ mọ́, Ìyá mi náà ò sì pè é mọ́. Oko ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni ẹ forí lé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ lọ kọ ebè.

Àmọ́ mo máa ń wò yín. Bí àwọn yòókù bá ti kírun tán, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á fi ọwọ́ nu ojú, ọwọ́ wọn á sì bọ́ sílẹ̀. Tiyín kì í tètè bọ́. Ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín pẹ́, tí ẹni tó kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á ti ká ẹní rẹ̀ lọ. Mo rí i ní kékeré, mo sì tún rí i nígbà àìsàn yín ìkẹyìn, tí ẹ ń jókòó kírun. Bàbá, kí ni ẹ ń bò níbẹ̀? Ṣé ilà yín ni àbí tiẹ̀? Ṣé ẹ máa ń bá a sọ̀rọ̀ ni? Ó ń dùn mí pé mi ò bi yín nígbà tí ẹnu yín ṣì wà láti fi dáhùn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àbúrò yín ṣe. Mo wà ní ìsọ̀ mi ní ọjà Odò-Ọ̀rì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń rán ṣòkòtò oníbàárà, ni Ìyá Súlè aládùúgbò wa sáré dé, gèlè lọ́wọ́. "Télọ̀, dìde! Olóólà ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, ó ń pọ́n abẹ!" Háà! Bàbá Kékeré ti ránṣẹ́ pe olóólà láti Ilé-Ogbó láìsọ fún mi. Mo fi ṣòkòtò oníṣòkòtò há abẹ́rẹ́, mo sáré délé tèmi ti tépù lọ́rùn.

Òótọ́ ni. Àwọn àgbà ilé ti jókòó, omi ìgbín wà nínú abọ́, olóólà sì ń fi abẹ ra òkúta. Sàfúrà gbá ọmọ mọ́ra ní kọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí gbogbo wọn pátá, mo dìde, mo sì lọ dúró síwájú ìyàwó mi.

"Ṣé o ya wèrè ni?" Bàbá Kékeré ló wí bẹ́ẹ̀.

"Orí mi pé, Bàbá. Ẹ ò níí kọ ọmọ mi nílà."

"Ọmọ rẹ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ni! Ẹ̀gbọ́n mi rìn láti ọ̀run padà wálé, ìwọ wá fẹ́ fi ojú bọ̀rọ́ sílẹ̀ fún wọn bí ẹni tí kò nílé? Ilà wọn la fẹ́ dá padà fún wọn."

Bàbá, mi ò múra ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ẹnu mi kàn là ni. Mo ní, "Bó bá jẹ́ Bàbá mi ni, Bàbá mi ti fojú gba abẹ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti sunkún tiwọn. Ta ni nínú yín ló fẹ́ dá Bàbá mi dùbúlẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ kọ wọ́n lójú? Ṣé àbúrò wọn ni? Bí kò bá sì jẹ́ Bàbá mi, ọmọ mi ni, èmi ni bàbá rẹ̀, mo sì ti ní rárá."

Olóólà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wo Bàbá Kékeré, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín lẹ ní ó jẹ́ o. Èmi kì í kọ àgbàlagbà nílà." Ni ó bá nu abẹ rẹ̀. Bàbá Kékeré bú mọ́ ọn pé kó kọ ọ́ jàre, ṣé iṣẹ́ ni wọ́n pè é sí àbí àwàdà.

Ìgbà náà ni Ìyá mi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Wọn ò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ Sàfúrà, wọ́n ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù." Bí wọ́n ṣe máa ń pè yín wọlé nìyẹn nígbà tí ìpàdé ẹbí bá ti di ariwo. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà sí Bàbá Kékeré. Wọ́n ní, "Mòríámọ̀ ti tó."

Orúkọ yẹn, Bàbá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ. Bàbá Kékeré dìde. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n jáde.

Láti ìgbà náà, wọn kì í dá mi lóhùn. Wọ́n ní ọmọ mi ò ní dúró níbi tí ọmọ ilé máa dúró sí lọ́jọ́ Iléyá. Àràárọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn, àràárọ̀ ni wọ́n ń kọjú sí ògiri. N ó dọ̀bálẹ̀ lọ́la náà. Bí Iléyá bá sì dé, iwájú gan-an ni ọmọ mi máa wà, lórí èjìká mi, kí gbogbo Ìwó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Mi ò mọ ibi tí n ó fi lẹ́tà yìí sí, bóyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni tàbí lórí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ní nílé yìí, níbi tí ẹ sùn sí, Babátúndé mi, tí ẹ ń hanrun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín bí ẹ ti máa ń ṣe lẹ́yìn àmín. Ó jọ̀lọ̀. Bí ohun tí mo ṣe bá bí yín nínú, ẹ mu ọmú yín, ẹ hu eyín, ẹ dàgbà, kí ẹ wá bá mi jà fúnra yín. Títí dìgbà náà, kò sẹ́ni tí yóò fi abẹ kàn yín lójú.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti di bàbá yín.