Bàbá Rùfáì Ògúnjìnmí, Ládàánì Tí Kò Ṣe Àìsàn Ránpẹ́

Ọdún 1958 ni a bí Bàbá wa, Rùfáì Àkànní Ògúnjìnmí, ní Àpòmù. Lùkúmọ̀n, bàbá wọn, àgbẹ̀ kòkó tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Sìlífátù, ìyá wọn, ọmọ Ìkirè ni. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì parí kéwú, kí wọ́n tó lọ kọ́ṣẹ́ iná mọ́tò, tí a ń pè ní rìwáyà, ní Ìkirè.

Ní 1986 ni wọ́n fẹ́ Fáìsátù, ìyá wa, tí ń ta dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì. Bàbá kì í gé wáyà tí kò bàjẹ́. Wọ́n á tú u, wọ́n á yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n tó gé èyí tó jóná. Láti 2001 ni wọ́n ti jẹ́ ládàánì, tí ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa.

Irú ìwé báyìí a máa sọ pé àìsàn ránpẹ́ ló pa olóògbé. A ò ní pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ Bàbá wa. Jẹjẹrẹ ìdí ni. Láti 2021 ni wọ́n ti ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí gbogbo ayé ń sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé dòdò ìyàwó wọn ló fà á. Olúkúlùkù ń gbé àgbo tirẹ̀ wá.

Ní 2023 ni Dókítà Kòfowórọlá yẹ̀ wọ́n wò, tó sọ pé kókó jẹjẹrẹ tó wà nídìí wọn kò tíì ràn. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tí apá rẹ̀ tín-ín-rín, tí dókítà ń fọwọ́ darí. Yóò gé kókó náà kúrò, yóò sì sapá láti dá àwọn iṣan kéékèèké tó ń di ìtọ̀ mú, tó sì ń mú ọkùnrin ṣe ọkùnrin, sí. Ó ní iṣẹ́ abẹ kò ṣàì léwu. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní rìwáyà náà nìyẹn, wọ́n sì gba ọjọ́.

Àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ló bà á jẹ́. Wọ́n ní, "Ládàánì, ẹni tí wọ́n bá gé nídìí, ìtọ̀ á máa kán lára rẹ̀ ni o. Àlùwàlá yín ò ní dúró. Ta ló máa gbà kí ẹ pèrun?" Ohun tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà láti dáàbò bò gan-an ni wọ́n fi dẹ́rù ba Bàbá. Bàbá ò lọ mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sọ́dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀. Oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọ́n jáde láyé.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹta, ìyá wa bi Lèmọ́mù ní gbangba bóyá ìrun ẹni tí ìtọ̀ ń kán lára rẹ̀ tọ́. Lèmọ́mù ní ó tọ́, kí ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun kọ̀ọ̀kan bá wọlé, kó sì kírun rẹ̀. Ọlọ́hun mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Lèmọ́mù ní kò sẹ́ni tó bi àwọn ní ìbéèrè yìí rí. Àwọn agbaninímọ̀ràn tó dẹ́rù ba Bàbá wà níjòókòó níbẹ̀. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Àwọn yìí ò bèèrè, wọ́n sì mú Bàbá wa ṣìnà. Inú ń bí wa, a ò sì ní bò ó.

Bàbá fi ìyá wa sáyé, pẹ̀lú àwa ọmọ wọn, Hakeem, Ikhlas àti Rilwan, àti àwọn ọmọ-ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níkàlẹ̀ yìí, tí ẹ ń rí ẹ̀jẹ̀, tí ẹ ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Bàbá, ẹ sùn ire. Kí Ọlọ́hun fẹ ibojì yín lójú, kí ó sì gba gbogbo ìrun tí ẹ pè, torí kí ẹ má bàa pàdánù ìpè náà ni ẹ ṣe pàdánù ẹ̀mí yín.