Ìpàdé Ìdènà Adẹ́tẹ̀

                              Yàrá Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                              Ọ́fíìsì Ìwádìí Ìlera.
                              Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni mo fi ń kéde fún yín pé tìmùtìmù àga ọ̀gá wa ti ya. Wọ́n ti yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún lé e lórí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín nítorí ìdúró wọ́ọ̀dù ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ọkọ yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ ó rántí ètò ìwádìí tí mo sọ fún yín, lórí bí a ó ṣe dènà ẹ̀tẹ̀, tí a ó sì mú ìtọ́jú àwọn tó ní in sunwọ̀n. Èmi akọ̀wé ni mo kọ "Ìpàdé Ìdènà Ẹ̀tẹ̀" sí pátákó ẹnu géètì. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Ẹ̀tẹ̀ wo? Ṣé ẹ̀tẹ̀ máa ń dá rìn wá ni? Kọ ọ́ kó pé." Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ di "Ìdènà Adẹ́tẹ̀." Ta ni èmi ọmọ pólì tí màá bá a jiyàn?

Aláìsàn kan ṣoṣo la pè, bàbá oníbàtà ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Ó ti lo oògùn tán láti ọdún mẹ́sàn-án, kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ìka rẹ̀ tó ká nìkan ni kò jẹ́ kí ayé gbàgbé. Ohun kan ló fẹ́ kó wọnú ètò náà: kí nọ́ọ̀sì máa dé ilé aláìsàn, kó yẹ gbogbo ará ilé wò. Àmì kan ti yọ léjìká ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó funfun díẹ̀ ju ara tó kù lọ, bí abẹ́rẹ́ bá gún un níbẹ̀, kì í mọ̀. Ọmọ náà ò jẹ́ dé ilé ìwòsàn, kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ má baà gbọ́.

Nígbà tí bàbá dé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ka pátákó, ó sì dìde dí i lọ́nà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mò ń ṣe."

"Ọmọ mi, èmi ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀, sà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ nínú. Ẹ ò ní pàdánù nǹkan kan."

Nígbà tí mo gbọ́, mo sáré bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Akọ̀wé, padà lọ jókòó. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ̀ṣọ́ kàn kà á ni."

Mo padà, mo dá àbá bàbá fún wọn. Ọ̀gá béèrè pé ta ló ni àbá. Mo ní bàbá oníbàtà ni. Ó ní, "Ṣó wà níjòókòó?" Bó ṣe parí nìyẹn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n àwa fá a, ó sì dán.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ilé bàbá yìí lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má wọ aṣọ nọ́ọ̀sì o. Ẹ gbé bàtà tó já dání bí oníbàárà. Ọmọ náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé oògùn wà, tí a bá tètè dé kí ọwọ́ tiẹ̀ náà tó ká.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi.

Àbúrò yín tí ò lẹ́nu níbi iṣẹ́,
Akọ̀wé.

Mo tún rántí: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé èyí fún mi pé kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

ÌKÉDE: Ìgbìmọ̀ ètò ìwádìí ń fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé ìpàdé yọrí sí rere. Kò sí aláìsàn kankan tó yọjú. Èyí fi hàn pé ìdènà ti ń ṣiṣẹ́.