Ọjọ́ tí Ṣàmsúdéènì Gba Ààwẹ̀

                                        Ilé Ẹlẹ́kùúrọ́,
                                        Ìkirè,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, 1992.

Jemima, ọ̀rẹ́ tó ti di ìyekan,

Báwo ni òtútù Jọ́ọ̀sì ṣe ń bá yín ṣe? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi rọ́ ti san? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń sọ Yorùbá, àbí Haúsá ni wọ́n ṣì ń dà bo ara wọn? Bí wọn ò bá lè kúnlẹ̀ kí mi dáadáa nígbà tí ẹ bá wálé Kérésì, ìwọ ni n ó bá jà. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín. Ìyá mi ní Àpòmù ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé ata ṣì ń pọ̀ lọ́bẹ̀ rẹ bíi ti àtijọ́.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi. Lẹ́tà rẹ ti dé láti oṣù Kẹsàn-án, n ò sì fèsì. Ọwọ́ mi ló dí, ọkàn mi tún wá dí ju ọwọ́ lọ. Ara ṣẹ̀ṣẹ̀ tù mí ni, mo wá lè jókòó ròyìn fún ọ.

Ọmọ tí o fi ṣọ́ọ̀lù funfun ránṣẹ́ sí, Ṣàmsúdéènì ni wọ́n sọ ọ́ nílé ọkọ mi, Olúgbémi ni ìyá mi ń pè é, ẹ̀rín kan náà ló sì fi ń dá gbogbo wọn lóhùn. Kò pẹ́ tí mo bí i ni mo ṣàkíyèsí pé bó bá ti ń ké, nǹkan kan máa ń wú jáde ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, nítòsí itan. Bó bá dákẹ́, á tún wọlé padà. Èmi àti Mọ́nsúrù ọkọ mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Dókítà ní ìpá ni, pé ìfun ló ń gba ibẹ̀ yọ, àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní bí ìfun náà bá yọ lọ́jọ́ kan tí ó há síbẹ̀, ó lè gba ẹ̀mí ọmọ. Ó wá kìlọ̀ fún wa pé kí a má jẹ́ kó máa ké púpọ̀ títí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yóò fi pé.

Jemima, ìwọ náà bímọ. Ta ló rí ọmọ ọwọ́ tí kì í ké? Láti ọjọ́ náà, bí Ṣàmsú bá ti ya ẹnu báyìí, gbogbo agboolé á dìde. Ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń ta dòdò ní gáréèjì, tí òjò kì í dá dúró, pa igbá dòdò tì, wọ́n ń pọ̀n ọ́n kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé bí mo bá wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, etí mi a máa gbọ́ igbe tí ẹnikẹ́ni ò ké.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n dá fún wa. Wọ́n ní láti ìdájí, ohunkóhun ò gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, ìbáà ṣe ọmú, ìbáà ṣe omi, nítorí oògùn oorun tí wọ́n máa fún un. Bó bá bì lójú oorun, ó lè fún un lọ́rùn. Gbogbo wa gbọ́, ìyá ọkọ mi náà gbọ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà, a ti wà ní ilé ìwòsàn, mo lọ bọ́jú, ebi sì ń pa ọmọ, ló bá figbe ta. Màmá rántí pé dókítà ò fẹ́ kó ké. Wọ́n mú ìgò hàǹtú jáde nínú àpò wọn, omi tí Alfa Sàídì fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà, wọ́n sì fi ṣíbí rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ọmọ dákẹ́.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé tó bi wá bóyá ọmọ jẹ nǹkan kan, mo ní rárá. Màmá náà ní, "Kò jẹ, kò mu. Àdúrà nìkan ni mo fún un." Nọ́ọ̀sì ní irú àdúrà wo. Tayọ̀tayọ̀ ni Màmá fi gbé ìgò sókè. Wọn ò fi pamọ́, Jemima, nítorí lọ́kàn tiwọn, omi kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Láti kékeré wọn, wọn ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka hàǹtú mọ́ ohun mímu rí. Dókítà ò jágbe mọ́ wa. Ó kàn ní kí a máa gbé ọmọ lọ sílé, kí a padà wá ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

O mọ ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ni, kí ni n ó sọ? Ìbínú ni mo fi gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ láti Ìbàdàn títí dé Ìkirè. Bí a ṣe délé, Màmá wọ yàrá lọ, wọ́n sunkún, wọn ò sì gbé ọmọ mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló fẹ́ pa á. Ìbínú mi bá di àánú.

Ọ̀rọ̀ náà dé Àpòmù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ni ìyá mi bá kó díẹ̀ nínú àwọn Ìyá Ìjọ lẹ́yìn, ó di ilé wa. Àyà mi já, nítorí ìwọ náà rántí bí wọ́n ṣe ta ku nígbà tí mo ní ọmọ Ìmàle ni n ó fẹ́. Àṣé ìjà kọ́ ni wọ́n bá wá. Ìyá mi jókòó ti ìyá ọkọ mi lórí ẹní, wọ́n ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, ẹ gbé ọmọ yín. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló wà lọ́jọ́ náà, àgbo ni ǹ bá ti rọ sí i lẹ́nu, ife kan gbáko." Ẹ̀rín pa Màmá nínú ẹkún. Wọ́n gbé ọmọ.

Alfa Sàídì náà dé nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ò bá wa wá ṣíbí. Wọ́n ní Ṣàmsúdéènì yóò gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ Alàmísì náà, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kó bá a gbà á. Àwọn obìnrin àsàlátù ní àwọn gbà. Àwọn Ìyá Ìjọ ní ṣé wọ́n rò pé àwọn ò mọ ààwẹ̀ gbà ni.

Bí a ṣe kún ọkọ̀ Gàrúbà tó ń ná Gbọ̀ngán sí Ìbàdàn nìyẹn, láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Alàmísì. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ìyá mi ní kí n má sún mọ́ ọmọ, kó má baà gbóòórùn ọmú. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á pọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn tí ń kọ wákà ni yóò kúrò bọ́ sí ẹ̀yìn tí ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí wọ́n má baà lé wa jáde. Èmi wà lábẹ́ igi níta, ọmú ti rin bùbá mi gbingbin, mò ń sunkún. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí bèèrè pé ta ni ìyá ọmọ, gbogbo wọn ní àwọn ni. Ó wá kọjú sí ìyá ọkọ mi. Màmá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Kò jẹ, kò mu. Àdúrà náà ò gba ẹnu kọjá."

Wọ́n gbé e wọlé. Mo rò pé n ò ní rí i mọ́. Ọ̀sán ti yẹ̀ kí dókítà tó jáde, ó ní gbogbo rẹ̀ ti parí, ó dára, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí ọmọ jí dáadáa kó tó mu ọmú.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, àwọn obìnrin kírun lórí koríko, gbogbo wọn fi ẹ̀kọ àti àkàrà ṣínu. Ìyá ọkọ mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ẹni tí àwọn jọ gba ààwẹ̀ ò tíì ṣínu.

Kò pẹ́ ni wọ́n pè mí. Mo gbé ọmọ, ó wá ọmú kiri díẹ̀, ó rí i, ó gbé e mì. Màmá dúró tì mí, wọ́n ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ìgbà tó dá wọn lójú ni wọ́n mú ìgò hàǹtú jáde nínú àpò, ìgò ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn gan-an, wọ́n yíjú sí nọ́ọ̀sì, wọ́n ní, "Ìyá mi, ṣé èmi lè mu tèmi báyìí?" Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì títí ó fi di bẹ́ẹ̀dì mú. Màmá ní Bísímílàhì, wọ́n mu ún tán pátápátá.

Ojú egbò ti jiná báyìí. A ti lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àpòmù, a sì ti ṣe sàárà ní mọ́ṣáláṣí Ìkirè. Màmá ti padà sídìí dòdò wọn, wọ́n sì ti ní tìrẹ wà nílẹ̀ tí o bá dé. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Mọ́nsúrù ń kí yín.

Kí n dúró níbí. Ṣàmsú ti ń ké ní yàrá láti ìgbà tí mo ti ń kọ ojú ìwé yìí, igbe tó le. Mo fẹ́ dìde, Màmá sì ké sí mi láti ìta pé kí n jókòó parí lẹ́tà mi. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó ké díẹ̀, àwọn fẹ́ gbọ́ ọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Adébímpé.