Kẹ̀kẹ́ Tí Ibi Iṣẹ́ Rà fún Mi

Ìta Fájì, Èkó

Ẹ̀gbọ́n mi Hàwáwù,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti gbogbo ará ilé yín ní Kánò. Ara mi le, alihamudulilahi.

Ibi iṣẹ́ wa ní Marina ra kẹ̀kẹ́ fún wa, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù. A kì í pẹ́ dé mọ́, inú ọ̀gá sì ń dùn. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìyá wa ti kú, ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi rìn bọ̀ nírọ̀lẹ́, màá gba ọ̀nà tó jìn, kí ilẹ̀ lè ṣú kí n tó délé. Bí mo bá wá gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, mo ń délé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, kò sì sẹ́ni tó máa kí mi káàbọ̀.

Lèmọ́mù ní kí n gbé kẹ̀kẹ́ náà wá fún àdúà. Mo ní ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ṣe Iléyá níbí. Ọlọ́run á ṣọ́ yín fún mi.

Láàárọ̀, mò ń gun kẹ̀kẹ́ náà. Nírọ̀lẹ́, ṣe ni mò ń tì í bọ̀ wálé.

Àbúrò yín,
Mùsílíù