Àwàdà tí mo ṣe lórí máàpù oko Yàkúbù

Olóòtú wa, mo kí yín o. Ẹ má dárúkọ mi. Ẹ̀sùn tí ìyàwó mi ní sí mi ti pọ̀ tó.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn tó ń ya máàpù wá sí oko wa lẹ́yìn Minna. Wọ́n bi mí pé ta ló ń gbé òdìkejì odò. Yàkúbù ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n mo fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ọ̀bọ nìkan ni!" Wọ́n kọ ọ́ pé igbó ni.

Ní báyìí, àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ náà ti gbé máàpù yẹn lọ sí kóòtù. Yàkúbù ń sunkún sí mi létí: "Kai, ta ló ṣe èyí sí mi?"

Bí mo bá jẹ́wọ́, ó lè jàre, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?